Nímẹ́rò Mẹ́tàdínlógún Kò Sùn Sílé

Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Morẹ́nikẹ́ ni mo máa pè é. Èmi gan-an ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní "mo ṣe báyìí, mo ṣe báyẹn," mo mọ ara mi, kò ní pẹ́ tí màá fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara mi, ẹ ò sì ní gbọ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n ti obìnrin náà síwájú, kí n dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí n bá a wí bó ti yẹ.

Dowa ló ń gbé, ní Àjàṣẹ́ wa níbí. Ó ní bùtíìkì kékeré kan níwájú ilé: ṣúgà onígun, ìṣáná, epo àtùpà, sárídìnì, àti búrẹ́dì tí wọ́n ń gbé wá fún un láràárọ̀. Ọkọ rẹ̀, Adéníran, ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ akọ̀wé. Bí ọkùnrin yìí bá ti gbé ìwé ìròyìn Faransé sójú, ilé lè jó kó tó mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù sí wọn lọ́wọ́ nínú ilé, Pélagie, ẹni ogún ọdún.

Ní òdìkejì òpópó, ojúkojú, ni Soumanou ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ arúgbó, Ganiatou, àti ọmọbìnrin rẹ̀, Kafayatou. Soumanou ní bàṣé kan, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi tapólì bo ẹ̀yìn rẹ̀, tó fi ń kó ẹja gbígbẹ láti Sèmè-Kpodji. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní òpópó náà nìyẹn. Ibi tó sì ti ń sùn ni iwájú bùtíìkì Morẹ́nikẹ́, nítorí pé igi furúntù kan wà níbẹ̀ tó ń ṣíji bò ó.

Ọkọ̀ máa ń sùn. Òórùn ẹja kì í sùn. Á dìde, á rìn wọ bùtíìkì, á wọ inú búrẹ́dì lọ. Àwọn oníbàárà á gbé búrẹ́dì sí imú, wọ́n á ní, "Tantí, ṣé ẹ ti fi sárídìnì há a ni?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bá Soumanou sọ ọ́. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni Soumanou. Á bẹ̀ ẹ́, á fún un ní ẹja márùn-ún, á tún gbé ọkọ̀ síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Morẹ́nikẹ́ á gba ẹja, á fi se ọbẹ̀, á máa bínú lọ.

Ọdún kẹrin tí a gba òmìnira ni méèrì, àwọn tó ń ṣàkóso ìlú, gbé òfin jáde. Wọ́n kọ́kọ́ da sìmẹ́ńtì sí etí òpópó, wọ́n pè é ní tòrótúwà, wọ́n ní ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín. Morẹ́nikẹ́ gbà á bí ẹni gba ẹ̀bùn. Ó ń gbá a láràárọ̀, ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní Sátidé, ó gbé tábìlì búrẹ́dì lé e. Òṣìṣẹ́ méèrì kan tó ń jẹ́ Augustin wá sọ fún un pé tòrótúwà kì í ṣe pálọ̀ ilé rẹ̀, kó gbé tábìlì wọlé. Ó gbé e wọlé. Kí ni wọ́n wá sọ fún ọkọ̀ ẹja? Wọn ò tíì sọ nǹkan kan.

Àfi bí òfin kejì ṣe dé. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri, Adéníran lọ kà á, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún àdúgbò. Ó ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sùn síta bó ṣe wù ú mọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan yóò gba nímẹ́rò. Ní apá kan òpópó, gbogbo nímẹ́rò ló ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ní apá kejì, kò sí èyí tó ṣeé pín. Lálẹ́ ọjọ́ tí òǹkà rẹ̀ bá ṣeé pín, kí ọkọ̀ sùn ní apá tó ṣeé pín. Lálẹ́ ọjọ́ tí kò bá ṣeé pín, kó sùn ní apá tí kò ṣeé pín. Ọkọ̀ tó bá ṣi apá sùn, wọn yóò fi ẹ̀wọ̀n wọ́ ọ lọ sí àgbàlá méèrì.

Àwa ará Dowa kò ráyè gbogbo ìyẹn. A sọ èkíní ní ọjọ́ ìbejì, a sọ èkejì ní ọjọ́ anìkàngbé, ó parí.

Augustin gbé àkàbà wá, ó ń kan nímẹ́rò mọ́ òkè ẹnu ọ̀nà, páànù kékeré aláwọ̀ búlúù. Ilé Morẹ́nikẹ́ gba mẹ́tàdínlógún. Ilé Soumanou gba méjìdínlógún. Ihò méjì ló wà lára páànù kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìṣó Augustin kò tó. Ìṣó kan ṣoṣo ló fi kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì kàn án wọlé tán. Páànù ń mì lẹ́nu ìṣó bí fìlà lórí ìkọ́. Ó ní òun ń bọ̀ wá fi ìkejì sí i. "Mò ń bọ̀" ti òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìṣó yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ Morẹ́nikẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìṣó méjì ni, n ò ní kọ ìtàn yìí.

Ọjọ́ ìbejì àkọ́kọ́ dé. Soumanou wo nímẹ́rò ilé rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, búrẹ́dì ń rùn bí búrẹ́dì. Morẹ́nikẹ́ gbé ọ̀kan símú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹni tí kò tíì tọ́ oyin lá kì í ṣàárò oyin. Òun ti tọ́ ọ lá báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ anìkàngbé, bàṣé padà wá síwájú bùtíìkì. Nígbà tí Morẹ́nikẹ́ ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀, Soumanou ní, "Òfin ni, Ìyá Pélagie." Ẹ gbọ́. Nígbà tí kò sí òfin, ó máa ń bẹ̀ ẹ́. Òfin dé tán, ó wá ní òfin ni. Kò tilẹ̀ fún un lẹ́ja.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ anìkàngbé mìíràn ni Morẹ́nikẹ́ gun àpótí, ó ń fi àkísà nu eruku lára nímẹ́rò rẹ̀. Páànù já bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó. Ó wo òdìkejì. Èṣù kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní, "Ṣe bí ẹni tó ń nù ún."

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó sọdá. Ganiatou jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó bi í pé kí ló ń ṣe lókè yẹn.

"Mò ń bá yín nu nímẹ́rò ni, Màmá. Eruku ti bò ó."

"Ọlọ́run á bá ọ nu tìrẹ náà, ọmọ mi," ni arúgbó wí.

Ó gbé méjìdínlógún sọ̀kalẹ̀, ó fi mẹ́tàdínlógún kọ́ síbẹ̀. Ó padà sílé, ó kọ́ méjìdínlógún sókè ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí Soumanou ti Sèmè-Kpodji dé, ó wo òkè, ó rí mẹ́tàdínlógún ní ilé ara rẹ̀, ó ní ọjọ́ anìkàngbé nìyí, ibí yìí ni. Ó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó wọlé lọ jẹun.

Ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí dáadáa, Morẹ́nikẹ́ tún nu nímẹ́rò. Ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló di iṣẹ́. Ní ọjọ́ ìbejì, ó fi wọ́n sílẹ̀ bí Augustin ṣe kàn wọ́n. Ní ọjọ́ anìkàngbé, á nù wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, á nù wọ́n ní ìdájí. Bí oṣù bá ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí anìkàngbé méjì tẹ̀lé ara wọn, iṣẹ́ á pọ̀. Kò tíì nu ohun kan tó báyìí rí láyé rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Àdúgbò ń yìn ín. Wọ́n ní obìnrin tó ń bá aládùúgbò nu nímẹ́rò, ọ̀run ni ilé rẹ̀. Búrẹ́dì tà bí nǹkan míì.

Ẹ̀yin á ní kí wá ni aburú tó wà níbẹ̀. Augustin ni aburú.

Augustin mọ̀ pé apá mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ yẹ kó sùn ní ọjọ́ anìkàngbé, ó sì mọ apá tí ó jẹ́, òun ló gun àkàbà. Ó kọjá ní kùtùkùtù ọjọ́ kan, ó rí bàṣé ní apá tí kò yẹ, ó pe ọkọ̀ ńlá méèrì. Wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ ọn. Soumanou sáré jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu, ó ní kí wọ́n wo nímẹ́rò, mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Wọ́n wò ó. Méjìdínlógún ni. Morẹ́nikẹ́ ti nù ún tán.

Soumanou fọwọ́ nu ojú, ó tún wò ó. Ó san àmáńdì, owó ìtanràn, ó gba ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọ́ ọ láàárín oṣù kan.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá bá Morẹ́nikẹ́ ní bùtíìkì. Kò jókòó. Ó ń fọwọ́ yí fìlà rẹ̀ po. Ó ní ojú ń ti òun láti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

"Ìyá Pélagie, ẹ̀yin tí ẹ máa ń nù ún. Ṣé nímẹ́rò ilé mi máa ń yí padà?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ gan-an ni. Bí Morẹ́nikẹ́ bá ti rẹ́rìn-ín, tó ní "ẹ dárí jì mí, èmi ni," ọ̀rọ̀ ì bá di ẹ̀rín. Ó wo búrẹ́dì rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Páànù kì í yí padà, Bàbá Kafayatou. Ojú ni."

Ojú ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré.

Soumanou dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó lọ ra awò ojú lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri ọjà. Àwọn awò náà ga ní etí méjèèjì bí ìwo àgbò, ti obìnrin òyìnbó kan ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ojú tí kò ṣe nǹkan kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró níwájú ilé Morẹ́nikẹ́, ó tẹríba, ó kí àgbá omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bi í léèrè àlàáfíà ọmọ.

Morẹ́nikẹ́ fi ìbòrí bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí Ganiatou sọ fún un pé Soumanou fẹ́ ta bàṣé. Ó ní awakọ̀ tí ojú rẹ̀ ń sọ mẹ́tàdínlógún di méjìdínlógún, ọjọ́ kan ló máa sọ ènìyàn di ojú ọ̀nà. Nígbà tí arúgbó sọ ọ́ tán, ó fi ìbòrí nu ojú, ó ní ìwọ náà bá wa gbàdúrà, ọmọ mi, ìwọ tó mọ bí a ṣe ń nu nǹkan.

Morẹ́nikẹ́ pinnu láti jáwọ́. Mo jẹ́rìí fún un pé ó pinnu. Ṣùgbọ́n ó ní kó kọjá ìdána Pélagie ná.

Ẹni tó fẹ́ fẹ́ Pélagie ń jẹ́ Fọlárìn, akọ̀wé ni ní Kutọnu. Àwórì ni àwọn ènìyàn rẹ̀, láti ìhà Àgbádárìgì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwọn. Wọn kò dé Dowa rí. Ọmọkùnrin kì í sì í bá àwọn àgbà rẹ̀ lọ tọrọ ìyàwó ara rẹ̀, nítorí náà Fọlárìn kọ àdírẹ́sì sínú ìwé fún wọn: orúkọ òpópó, Dowa, nímẹ́rò mẹ́tàdínlógún. Ó ní Àjàṣẹ́ ti lajú, kò sí ẹni tó tún ń béèrè ọ̀nà.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, ni wọ́n dá. Fráídè tó ṣáájú rẹ̀ wá jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá, anìkàngbé. Ṣé kí ẹja wá sun iwájú ilé nígbà tí ìdána ku ọ̀la? Kí àwọn àna wọlé kí wọ́n máa fa imú? Morẹ́nikẹ́ gun àpótí ní ìrọ̀lẹ́ Fráídè, ó ní ìgbà ìkẹyìn nìyí.

Ní ìdájí Sátidé, ó dá iná mẹ́rin. Ó fi ọṣẹ fọ tòrótúwà. Ó pa adìẹ, ó lọta, ó jà pẹ̀lú ẹni tó ń din ẹran, ó wé gèlè lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó dúró. Ohun gbogbo ló rántí nù lọ́jọ́ yẹn: àga, abọ́, àwòrán ìyá ọkọ rẹ̀ lára ògiri. Ohun kan ṣoṣo ló gbàgbé láti nù.

Ní agogo mẹ́wàá, kò sí ẹni tó dé. Ní agogo mọ́kànlá, Pélagie wà nínú yàrá, ó ń họ èékánná. Adéníran ní bóyá wọ́n ṣi ọjọ́, ó sì ṣí ojú ewé mìíràn. Ariwo ayọ̀ kan ń bọ̀ láti ilé Soumanou. Morẹ́nikẹ́ ní àwọn ẹlẹ́ja ni, wọn ò mọ̀ pé ẹlòmíràn ní àlejò.

Ó yọjú síta. Ó rí ọkọ̀ ńlá kan tó gun tòrótúwà rẹ̀ tí ẹsẹ̀ méjèèjì apá kan wà lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá arúgbó kan nìkan ló jókòó sínú rẹ̀, tó na ẹsẹ̀, tó wọ agbádá funfun. Ẹ̀jẹ̀ Morẹ́nikẹ́ gun orí. Ó jáde sí i pẹ̀lú léèsì àti gèlè.

Ó bi bàbá pé ṣé ilé baba rẹ̀ nìyí. Ó ní ọṣẹ odindi ni òun fi fọ ibi tó gbé táyà lé yẹn. Ó ní bó bá jẹ́ pé oko ló ti wá, kí wọ́n júwe ìlú fún un, ìlú ní òfin, tòrótúwà ti ẹsẹ̀ ni, òní sì jẹ́ ọjọ́ ìbejì, kó lọ bá àwọn ìbejì ní òdìkejì. Ó ní àwọn ènìyàn ńlá ni òun ń retí, wọn kò gbọdọ̀ bá irú wúruwùru yìí níwájú ilé òun.

Bàbá ṣí fìlà. Orúkọ rẹ̀ ni Òkunọlá, ẹ̀gbọ́n bàbá Fọlárìn, àgbà pátápátá nínú ẹbí wọn.

"Ẹ má bínú, ìyá," ló wí. "Ẹsẹ̀ ló kú mọ́ mi lára. Àwọn ènìyàn mi ti wọlé sí mẹ́tàdínlógún lọ́hùn-ún. Ìyàwó la wá tọrọ fún Fọlárìn, ọmọ wa."

Morẹ́nikẹ́ gbójú sókè. Lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀, méjìdínlógún ń dán yanran. Ó ti nù ún dáadáa lánàá.

Kò mọ ìgbà tó sọdá. Bàtà kan kù sí ojú òpópó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe gba àlejò nílé Soumanou. Bí àwọn àna bá béèrè orúkọ onílé, ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ta ló ń dé ilé tó ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó, tó ń béèrè pé ta ló nilé? Wọ́n rí nímẹ́rò, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan nínú ilé yìí. Kafayatou, ọmọ Soumanou, sì ní ẹnì kan ní Tokpota tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tó ti ń sọ pé àwọn ènìyàn òun ń bọ̀. Ganiatou ní òdòdó wà, ó ti yọ, ẹ wọlé. Wọ́n kó iṣu wọlé, iyọ̀, oyin, àpótí aṣọ. Nígbà tí wọ́n gbé Bíbélì jáde, Soumanou bọ́ awò ojú, ó tún fi sójú, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùránì, ẹni tó bá gbé ìwé Ọlọ́run wá kò wá jà.

Ganiatou ti tọ́ oyin lá, ó sì ti fẹ́ gbàdúrà, nígbà tí Morẹ́nikẹ́ já wọlé pẹ̀lú bàtà kan, ó ní kí wọ́n dúró.

Comfort, àbúrò ìyá Fọlárìn, ló ń ṣe agbẹnusọ wọn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó béèrè pé ta ni eléyìí.

"Aládùúgbò wa ni," ni Soumanou wí. "Òun ló máa ń bá wa nu nímẹ́rò."

"Èmi ni ìyá ìyàwó," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

Comfort wo Ganiatou, ó wo Morẹ́nikẹ́. "Ìyá ìyàwó mélòó lẹ ní nílé yìí?"

Morẹ́nikẹ́ ní ibí kì í ṣe mẹ́tàdínlógún. Òkunọlá ti tiro wọlé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó ní, "Èmi tí ẹ bú tán yìí, ìyá, arúgbó ni mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ríran. Mẹ́tàdínlógún ló wà lókè ẹnu ọ̀nà."

Soumanou jáde lọ wò ó. Ó wò ó pẹ̀lú awò, ó wò ó láìsí awò. Nígbà tó padà, ó jókòó sórí iṣu àwọn àna. Ó ní, "Mẹ́tàdínlógún ni. Láàárọ̀ àná, méjìdínlógún ni. Ojú mi ti lọ, ẹ̀yin ènìyàn. Lọ́la ni mò ń ta ọkọ̀."

Ẹ gbọ́ ohun tí Morẹ́nikẹ́ tún ṣe. Níwájú ọkùnrin yẹn, lórí iṣu yẹn, ó ní méèrì ló ṣì í, pé Augustin ló kàn án sódì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Àwọn àna sì ti ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá o," ni Ganiatou wí. "Má purọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ mi. Ìwọ lo gbé e wá sùn síbí lánàá. Ojú mi báyìí ló ṣe."

Àwọn àna kò mi orí mọ́.

"Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni òfin wí?" ni arúgbó ń bá a lọ, ó ń wo ojú gbogbo wọn. "Ẹ ní ọjọ́ kan apá ọ̀hún, ọjọ́ kan apá ibí. Mo rò pé nímẹ́rò náà ń yí ilé sùn ni, bí ọkọ olóbìnrin méjì. Èmi náà bá orogún gbé, mo mọ̀ ọ́n. Mo rò pé gbogbo yín ló mọ̀, pé ojú Soumanou ló kàn ń ṣi ọjọ́ kà. Mo máa ń sọ fún ara mi pé Morẹ́nikẹ́ káre, kò jẹ́ kó ṣi ọjọ́ wa rí."

Soumanou bọ́ awò ojú díẹ̀díẹ̀. Ó wo Morẹ́nikẹ́.

"Ìyá Pélagie. Ojú mi dá ṣáṣá?"

Léèsì, gèlè, bàtà kan, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ó dá ṣáṣá, Bàbá Kafayatou. Òórùn ẹja ni."

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níwájú àwọn àna, láti ìṣó kan ṣoṣo títí dé àgbá omi. Ó rò pé Soumanou yóò gbá a létí. Ì bá dára bó bá gbá a. Ọkùnrin náà kàn dìde, ó bọ́ síta, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójú òpópó. Ó ń kàwé. Ó ka nímẹ́rò ilé rẹ̀, ó ka nímẹ́rò ọkọ̀ àwọn àna, ó ka ohun tó wà lára páálí ìṣáná ní bùtíìkì láti òdìkejì ọ̀nà. Ohun kọ̀ọ̀kan tó bá kà, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo gbọ́ ọ̀pọ̀ ìwàásù láyé mi, kò sí èyí tó gún mi tó kíkà yẹn.

Comfort ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní àwọn kì í fẹ́ ọmọ ilé tó ń gbé nímẹ́rò kiri. Bí ìyá bá lè jí ilé ẹni yí padà, kí ni ọmọ kò ní yí? Pélagie ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó kàn ń wo ìyá rẹ̀, bí a ti ń wo ìkòkò tó fọ́. Morẹ́nikẹ́ kò lè gbójú sókè.

Soumanou ló wọlé padà, òun ló sì sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ òun, òun ló kí àgbá omi, òun ló fẹ́ ta ohun tí òun fi ń jẹun. Bí òun bá dárí jì í, ọkọ̀ ta ni wọ́n wọ́ nínú àwọn àlejò? Ganiatou ní òun ti tọ́ oyin lá, oyin kì í jáde lẹ́nu.

Gbogbo wọn yíjú sí Òkunọlá. Bàbá ń wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. A rò pé inú ló ń bí i. Nígbà tó gbé orí sókè, omi ẹ̀rín ti kún ojú rẹ̀.

"Obìnrin yìí bú mi nítorí mi," ló wí. "Ó ní kí n kúrò níwájú ilé òun kí ibẹ̀ lè mọ́ dè mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, àna kan kò tíì bọ̀wọ̀ fún mi tó báyìí."

Comfort gan-an rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Bàbá dájọ́. Ó ní ẹrù yóò sọdá, ṣùgbọ́n Ganiatou tó tọ́ oyin lá ti di ìyá ìyàwó, òun ni yóò gbé ìgò oyin ṣáájú, òun ni yóò sì gbàdúrà. Ìlàjì iṣu kò kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kó ìdána Pélagie gba ojú òpópó kọjá, Bíbélì lórí iṣu, arúgbó pẹ̀lú tẹ̀súbáà níwájú, Soumanou tó ń ka gbogbo ohun tó bá rí sókè. Nígbà tí a wọlé, Adéníran ká ìwé ìròyìn, ó ní, "Ẹ ti dé? Mo ní ẹ ṣi ọjọ́ ni."

Ní Mọ́ńdè, Augustin wá pẹ̀lú ìṣó mẹ́rin. Soumanou ti lọ bá àwọn ọ̀gá méèrì sọ̀rọ̀, wọn kò bá Morẹ́nikẹ́ ṣe ẹjọ́, ṣùgbọ́n Augustin ní kó di àkàbà mú fún òun. Ó dì í mú. Bí ó ti ń di àkàbà mú, ó sọ fún Augustin pé ká ní ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, gbogbo èyí kì bá ti ṣẹlẹ̀. Mi ò sọ pé obìnrin náà ti yí padà pátápátá.

Soumanou fún un ní awò ojú yẹn. Ó ní, "Ìyá Pélagie, ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀." Kò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Mo fi kọ́ sórí ìṣó nínú bùtíìkì, lókè tábìlì búrẹ́dì. Bí irọ́ bá ń bọ̀ lẹ́nu mi, mo máa ń wò ó. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Pélagie ti bímọ méjì ní Kutọnu. Bàṣé ṣì ń sùn níwájú mi lálẹ́ gbogbo ọjọ́ anìkàngbé, bí òfin ti wí, òórùn ẹja sì ń wọ búrẹ́dì bó ti ń wọ̀ ọ́ látijọ́. Mi ò sọ nǹkan kan. Àwọn oníbàárà ti mọ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé ọjọ́ tó wà nínú oṣù, á wọlé, á ní, "Tantí, òǹkà ọjọ́ ti di mélòó?"

Màá na búrẹ́dì sí i. Màá ní, "Gbóòórùn rẹ̀."